Ẹ̀rọ omi SONEB àbí fọráàsì nínú ọgbà? Fún ẹni tó ń kọ́lé ní Ṣábẹ

Bí òrùlé bá ti dé orí ilé tuntun ní Ṣábẹ, níbí ní ilẹ̀ Benin, ìbéèrè kan náà ni gbogbo aládùúgbò máa ń bi onílé: omi ńkọ́? Àwọn kan á ní kó lọ kọ̀wé sí SONEB, ilé iṣẹ́ omi ìjọba, kí wọ́n fa ẹ̀rọ omi wọlé fún un. Àwọn mìíràn á ní kó gbẹ́ fọráàsì tirẹ̀, ihò omi jíjìn tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ gbẹ́, kó bọ́ lọ́wọ́ fàtúrà, ìwé owó omi. Àwọn ọmọ tó ń ka nǹkan lórí fóònù ti wá bu iyọ̀ sí i báyìí: wọ́n ní gáàsì kan tó ń jẹ́ radon wà nínú àpáta wa, pé ó máa ń fa jẹjẹrẹ, pé ó sì máa ń bá omi ilẹ̀ wọlé. Omi SONEB ni mò ń lò nílé mi. Mo sì ti fi owó mi wá omi fọráàsì rí. Ohun tí mo mọ̀ nípa méjèèjì nìyí.

Mi ò ka kànga àfọwọ́gbẹ́ mọ́ wọn. Ó wúlò fún ìfọṣọ àti pípo sìmẹ́ǹtì. Ti mímu, ẹ jẹ́ ká gbé e jù sílẹ̀. Pure water ní tirẹ̀, ti ẹni tó ń lọ sí ìrìn àjò ni, kì í ṣe ohun tí èèyàn fi ń gbọ́ bùkátà ilé.

Ihò gbígbẹ: ta ni yóò sanwó rẹ̀?

Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ fọráàsì, kò sí èyí tó tó èyí, òun náà sì ni agbẹ́lẹ̀ kì í fẹ́ fẹnu bà. Ẹ má fi ilẹ̀ Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) wé tiwa. Yanrìn àti amọ̀ ló wà lábẹ́ wọn níbẹ̀; bí ẹ bá gbẹ́ ẹ jìn tó, ẹ ó kan omi. Àpáta líle ló wà lábẹ́ tiwa, ìran àwọn òkè tí gbogbo ayé ń yà fọ́tò wọn wọ̀nyẹn. Omi kì í tẹ́ lọ rẹrẹ nínú irú àpáta bẹ́ẹ̀. Inú ilẹ̀ rírà tó bò ó lórí ló máa ń wà, àti inú ibi tí àpáta náà bá ti sán. Bí irin agbẹ́lẹ̀ bá bọ́ sí ojú sísán yẹn, omi dé nìyẹn. Bó bá fi mítà díẹ̀ péré tàsé rẹ̀, ẹ lè gbẹ́ ẹ di ọ̀la, eruku lẹ ó máa rí.

Ẹni tó gbẹ́ tèmi mú ẹ̀ka igi tó pín sí méjì dání, ó ń fi wá omi yíká ọgbà, ó ní ẹ̀ka náà tẹrí ba lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi máńgòrò. Ibẹ̀ ni wọ́n gbé ẹ̀rọ sí. Erùpẹ̀ pupa ló kọ́kọ́ jáde, lẹ́yìn náà òkúta wẹ́wẹ́, lẹ́yìn náà eruku funfun tó ń tú jáde bí ẹlùbọ́. Ó bo ẹ̀gẹ́ tí ìyá kan sá sí ìta, ìyá náà sì sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ fún mi láìfi ọ̀kan pamọ́. Àwọn ọmọ àdúgbò to ara wọn sórí ògiri, wọ́n ti bọ́ aṣọ, wọ́n ń retí kí omi tú kí wọ́n wẹ̀. Ilẹ̀ ṣú, eruku yẹn kò tutù rárá. Ọ̀gá wọn palẹ̀ irin mọ́, ó fa ìwé yọ, ó ka iye mítà, ó sì pe owó. Mo ní omi dà? Ó ní, “Bàbá, ilẹ̀ ni kò lómi, èmi kọ́ ni mo dá ilẹ̀.” Nínú ìwé tí òun fúnra rẹ̀ kọ, mítà ni wọ́n fi ń ṣírò owó, kò síbi tí wọ́n ti dárúkọ omi. Iye tí mo san lọ́jọ́ náà á ra ọ̀kadà tuntun.

Nítorí náà, kí ẹ tó fún agbẹ́lẹ̀ ní kọ́bọ̀, ẹ ní kí ẹni tó mọ iṣẹ́ wá fi iná mànàmáná yẹ ilẹ̀ wò: wọ́n á gún àwọn irin mọ́lẹ̀ ní ìlà, wọ́n á rán iná sínú ilẹ̀, bí iná ṣe ń kọjá ni yóò sọ ibi tó ṣeé ṣe kí àpáta ti sán. Kí ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò má sì jẹ́ ẹni tó máa gbẹ́ ẹ. Kí ìwé àdéhùn sọ iye tí ihò gbígbẹ máa jẹ́, kí ó kéré sí ti ihò tó lómi dáadáa. Bí omi bá sì jáde, ẹ má tíì jó. Ẹ ní kí wọ́n fa á fún ọ̀pọ̀ wákàtí lójú yín, kí wọ́n máa wọn bí omi ṣe ń lọ sílẹ̀ nínú ihò, nítorí ihò tó kún ní oṣù Kẹsàn-án lè máa pòfo ní oṣù Kẹta, nígbà tí ọyẹ́ ti fa ilẹ̀ gbẹ tán. Ọ̀nà tó dára jù ni kí ẹ gbẹ́ ẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn gan-an. Omi tí ẹ bá rí nígbà náà, omi ni.

Ní ti SONEB, kò sí ihò gbígbẹ. Wọ́n á wá wọn ọ̀nà láti ibi páìpù ńlá dé ẹnu ọ̀nà yín, wọ́n á kọ iye rẹ̀ fún yín, ẹ ó mọ̀ ọ́n kí ẹ tó san án. Ibi tó ti ń dunni ni jíjìn: ẹni tó ra ilẹ̀ sí ẹ̀yìn ìlú lè rí iye kan tí yóò mú un jókòó. Ẹ lọ wo ibi tí páìpù dé kí ẹ tó ra ilẹ̀, ẹ má dúró di ìgbà tí ilé bá parí.

Radon, àti ohun tó yẹ kó bà yín lẹ́rù jù ú lọ

Òótọ́ ni ọ̀rọ̀ radon, àwọn ọmọ kò parọ́. Uranium tó wà nínú àpáta ló ń yí padà títí ó fi di gáàsì tí kò ní àwọ̀, tí kò ní òórùn. Lẹ́yìn sìgá, òun làwọn oníṣègùn kà sí ohun tó ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró jù. Àjọ Ìlera Àgbáyé fẹ́ kó má ju 100 becquerel (ohun tí wọ́n fi ń wọn ìtànṣán) lọ nínú mítà kúbíìkì afẹ́fẹ́ ilé kan, pé bí kò bá ṣeé ṣe, kó má kọjá 300. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ abẹ́ ilé gan-an ni púpọ̀ rẹ̀ ti ń wá, kì í ṣe inú omi. Lítà omi kan tó bá ní 1000 becquerel, nǹkan bí 100 ni yóò fi kún mítà kúbíìkì afẹ́fẹ́ kan nínú ilé. Ilé tó ní fèrèsé nákò tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá tọ̀sán tòru kò ní jẹ́ kó gbára jọ. Ilé tí wọ́n ti fèrèsé rẹ̀ pa nítorí ẹ̀rọ amúlétutù ni kó ronú.

Fọráàsì tó wọ inú àpáta ló sábà máa ń ní in jù. Omi odò kì í fi bẹ́ẹ̀ ní in, omi tó sì ti dúró nínú táǹkì ìlú kó tó dé ọ̀dọ̀ yín, èyí tó pọ̀ nínú gáàsì rẹ̀ ti fò lọ tàbí kó ti run, nítorí láàárín ọjọ́ mẹ́rin, ó dín díẹ̀, ìdajì radon á ti run fúnra rẹ̀. Bó bá jẹ́ fọráàsì lẹ gbẹ́, ẹ jẹ́ kí omi máa já láti òkè táǹkì bí òjò, ẹ fi ihò afẹ́fẹ́ tí wọ́n fi àwọ̀n bò sílẹ̀ lórí rẹ̀, gáàsì á bá ibẹ̀ jáde. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta asẹ́ eléèédú fún yín nítorí radon: ó ń mú un lóòótọ́, ṣùgbọ́n inú asẹ́ náà ni ìtànṣán yóò máa kó jọ sí, nínú ilé ìdáná yín. Ẹni tó bá fẹ́ yẹ omi wò fún radon, kó rọ ìgò kún dé ẹnu, kí afẹ́fẹ́ kankan má sí nínú rẹ̀, kó sì dé ilé àyẹ̀wò kíákíá.

Èròjà kan tó ń jẹ́ fluoride ni èmi ń bẹ̀rù. Inú àpáta yìí kan náà ló ti ń yọ́ sínú omi, wọ́n sì ti rí i nínú omi ilẹ̀ Collines, ẹkùn tí Ṣábẹ wà, níbi tó ti ga ju mílígíráàmù 1.5 nínú lítà kan tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ṣe ààlà. Eyín àwọn ọmọ tó ń mu ún ní kékeré á máa ní àbàwọ́n pupa rúsúrúsú tí pákò kankan kò lè fọ̀. Bí ẹ bá se omi náà, ńṣe lẹ tún ń mú un ki sí i. Nitrate ni èkejì, èròjà tó ń jò wọ omi láti inú ṣáláńgá. 50 mílígíráàmù nínú lítà ni ààlà tirẹ̀, ọmọ ọwọ́ tó ń mu mílíkì oníyẹ̀fun ló sì léwu fún jù. Wọ́n ní kí ṣáláńgá jìnnà sí omi ní mítà 30 ó kéré tán, ṣùgbọ́n inú àpáta tó sán, ìdọ̀tí lè rìn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Onífọráàsì ló máa fúnra rẹ̀ gbé omi lọ sí ilé àyẹ̀wò, tí yóò sì tún máa gbé e lọ. Èmi kò tíì rí ẹni tó ṣe é lẹ́ẹ̀kejì.

Ìyókù

Owó oṣooṣù: ti SONEB ni fàtúrà, ti fọráàsì ni owó iná mànàmáná SBEE àti pọ́ǹpù tó máa jó lọ́jọ́ kan. Iná lọ, omi fọráàsì lọ, àfi tí táǹkì bá kún.

Adùn: omi fọráàsì máa ń tutù, ó sì dùn. Ti SONEB lè rùn bí jafẹ́ẹ̀lì tí wọ́n fi ń fọ aṣọ funfun. Ẹ rọ ọ́ sínú garawa kó sùn síta ilé ìdáná, òórùn náà á lọ.

Ìfàsẹ́yìn SONEB: nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi lè máa wá ní òru nìkan, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Táǹkì ni ìdáhùn rẹ̀.

Èwo ni ká mú?

Méjèèjì ló dára, ibi tí ilé yín wà ló máa sọ. Ẹni tí páìpù kò tíì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, tó ní ọgbà ẹ̀fọ́ tàbí ẹran ọ̀sìn púpọ̀, fọráàsì ni tirẹ̀, bó bá ti gbà láti san owó àyẹ̀wò ilẹ̀, owó àyẹ̀wò omi, àti owó ihò tó lè gbẹ. Ẹni tí páìpù kọjá níwájú ilé rẹ̀, kó lọ kọ̀wé lọ́la. Kó fi owó tó kù ra táǹkì ńlá kan, kó gbé e sórí òpó tó ga, kó sì rà á nígbà òjò, nítorí bí ọyẹ́ bá ti ń fẹ́ ni àwọn tó ń tà á máa ń fi owó lé e.