Àyẹ̀wò ètò Ratio and Proportion ti PhET fún olùkọ́ tí òye àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ kò dọ́gba

Nínú àwọn ètò orí kọ̀ǹpútà tí mo mọ̀ fún kíkọ́ni ní réṣíò (ìyẹn ìlọ́po tó so iye kan mọ́ òmíràn), èyí tí mo lè fọwọ́ sọ̀yà fún olùkọ́ mìíràn ni Ratio and Proportion, tí ẹgbẹ́ PhET ní Yunifásítì Colorado Boulder ṣe. Carl Wieman, tó gba ẹ̀bùn Nobel nínú ìmọ̀ físíìsì ní 2001, ló dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ ní 2002. Ọ̀fẹ́ ni ètò náà, inú burọ́sà lásán ló ti ń ṣiṣẹ́, èèyàn sì lè gbà á sórí ẹ̀rọ kí ó máa lò ó láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó níbi tí agbára rẹ̀ mọ ṣá o, n ó sì débẹ̀.

Gbogbo ẹni tó ti kọ́ni ní réṣíò rí ló mọ àṣìṣe tó máa ń kọ́kọ́ yọjú: akẹ́kọ̀ọ́ á máa ro iye kún iye níbi tó ti yẹ kó wá ìlọ́po. Robert Karplus, onímọ̀ físíìsì tó ṣèwádìí lórí bí ọmọ ṣe ń ronú, ní ìbéèrè kan tó máa ń tú àṣìṣe yìí síta kíákíá. Ọkùnrin méjì ló wà nínú rẹ̀, ọ̀kan kúrú, èkejì ga. Bí a bá fi bọ́tìnnì ńlá wọn wọ́n, ọkùnrin kúkúrú jẹ́ bọ́tìnnì 4, ọkùnrin gíga jẹ́ 6. Bí a bá wá fi kílíìpù ìwé wọn ọkùnrin kúkúrú, ó jẹ́ kílíìpù 6. Kílíìpù mélòó ni ọkùnrin gíga yóò jẹ́? 9 ni ìdáhùn, nítorí pé 6 jẹ́ ìlọ́po 4 lọ́nà kan àti ààbọ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni 9 sí 6, ṣùgbọ́n 8 ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ máa ń kọ, wọ́n á sì ní ọkùnrin gíga ṣáà fi 2 ju èkejì lọ. Àlàyé ẹnu kì í sábà tú irú ìrònú bẹ́ẹ̀ ká, nítorí pé lójú ẹni tó ń rò ó, ó bọ́gbọ́n mu pátápátá.

Ibí yìí ni ètò náà ti wúlò jù lọ. Ọwọ́ méjì ló wà lójú rẹ̀, ọ̀kan lápá òsì, ọ̀kan lápá ọ̀tún, tí èèyàn lè fà lọ sókè tàbí sísàlẹ̀, réṣíò kan sì wà tí ètò náà fi pamọ́. Bí gíga ọwọ́ méjèèjì bá ti ń sún mọ́ réṣíò náà, ojú ẹ̀yìn àwòrán á bẹ̀rẹ̀ sí í di àwọ̀ ewé, ìró rẹ̀ á sì máa yí pa dà; bí wọ́n bá kúrò níbẹ̀, àwọ̀ náà á ṣá. Inú iṣẹ́ ìwádìí Dor Abrahamson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì California ní Berkeley ni èrò yìí ti wá, pé kí ọwọ́ kọ́kọ́ mọ réṣíò kí ẹnu tó ṣàlàyé rẹ̀.

Ká ní 1 sí 2 ni réṣíò tó wà ní ìpamọ́, tí akẹ́kọ̀ọ́ sì ti rí àwọ̀ ewé nígbà tí ọwọ́ òsì wà ní 2, tí ọ̀tún wà ní 4. Ẹ ní kó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè láì jẹ́ kí àwọ̀ ewé náà lọ. Ẹni tó bá ń ro iye kún iye á gbé méjèèjì sókè bákan náà, kí àlàfo àárín wọn má bàa yẹ̀. Òsì á dé 3, ọ̀tún á dé 5, àwọ̀ ewé á sì pòórá. Olùkọ́ kò tíì sọ pé ó kùnà, òun fúnra rẹ̀ ló rí i. Á wá máa sún ọwọ́ ọ̀tún díẹ̀díẹ̀ títí tí yóò fi dé 6, á dán 4 àti 8 wò, títí yóò fi lè sọ pé bí a ṣe ń lọ sókè ni ọwọ́ méjèèjì ń jìnnà síra. Ẹni tó bá ti sọ èyí fúnra rẹ̀, ẹ dá a pa dà sí ìbéèrè kílíìpù, kó tún un rò.

Ní kíláàsì tí òye kò ti dọ́gba, àṣà tó gbilẹ̀ ni kí a fún àwọn tó ń fà sẹ́yìn ní ìṣirò kéékèèké, kí a sì fún àwọn tó yára ní èyí tó le. Mi ò fara mọ́ ọn, nítorí pé àwọn tó ń fà sẹ́yìn kì í tipa bẹ́ẹ̀ bá ìrònú gidi pàdé. Iṣẹ́ kan náà ni ètò yìí ń fún gbogbo wọn, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà wọ inú rẹ̀ ló yàtọ̀. Ẹni tí ìdá ń dẹ́rù bà lè bẹ̀rẹ̀ láìsí iye kankan lójú ẹ̀rọ. Bó bá ti mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ẹ lè ṣí àwọn ìlà fún un kó lè máa ka ìgbésẹ̀, lẹ́yìn náà kí ẹ wá ṣí iye. Ẹni tí orí rẹ̀ yá, ẹ fún un ní 3 sí 4, kí ẹ sì bi í pé bí òsì bá wà ní 5, ibo ni ọ̀tún yóò wà. Ibẹ̀ ni 6 àti ìdá méjì nínú mẹ́ta ti máa wọ̀ ọ́. Àmọ́ ẹ má gbà kó máa fọwọ́ wá àwọ̀ ewé kiri. Kó kọ iye tó rò sílẹ̀ kó tó fọwọ́ kan ẹ̀rọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, eré lásán ni yóò sọ ọ́ dà. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ríran dáadáa náà kò sí lẹ́yìn, nítorí pé ìró wà, àpèjúwe tí ẹ̀rọ lè kà síta sì wà pẹ̀lú.

PhET tún ní Proportion Playground, níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ ti ń fi ìlẹ̀kẹ̀ ṣe ẹ̀gbà ọrùn tàbí kó po ọ̀dà búlúù mọ́ yẹ́lò. Ó dára, ṣùgbọ́n ojú kì í tètè mọ ìyàtọ̀ láàárín ọ̀dà 3 sí 4 àti 4 sí 5, nítorí náà ẹ fi sí ìkejì.

Ohun tí Ratio and Proportion kò lè kọ́ni ni ìgbà tí réṣíò kò yẹ. Àwọn méjì ń sáré yí pápá ká, eré wọn dọ́gba, ọ̀kan sì ti bẹ̀rẹ̀ ṣáájú. Nígbà tí ẹni àkọ́kọ́ ti yí i ká ní ìgbà 9, èkejì ti yí i ní 3. Bí èkejì bá pé 15, mélòó ni ti àkọ́kọ́? 21 ni, ìròpọ̀ ni ọ̀nà rẹ̀. Nínú ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1993, 32 nínú àwọn 33 tó ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ ló lo réṣíò fún un. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé àlàfo tó dọ́gba ń pa àwọ̀ ewé rẹ́ lè tètè kó sí irú pańpẹ́ yìí. Olùkọ́ fúnra rẹ̀ ni yóò mú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ wá, kò sì yẹ kó pẹ́ kó tó mú un wá.

Bó bá jẹ́ ẹ̀rọ kan ṣoṣo ló wà, ẹ pín ọwọ́ méjèèjì fún akẹ́kọ̀ọ́ méjì tí òye wọn yàtọ̀, kí ọ̀kan mú òsì, kí èkejì mú ọ̀tún. Máòsì kò lè gbé méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí náà ojú ẹ̀rọ tí a ń fọwọ́ tẹ̀ tàbí kíbọ́ọ̀dù ló dára jù fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.