Àpò sítáǹpù ṣẹ́ẹ̀sì tí mo rà: kò burú, ṣùgbọ́n ẹ yẹ ẹ̀yìn rẹ̀ wò

Ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, kò sí ṣọ́ọ̀bù tí mo lè wọ̀ láti Tákíè títí dé Ọjà Jagun kí n ní kí wọ́n kó sítáǹpù ṣẹ́ẹ̀sì jáde. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni mo ti rí àpò tó ní ọgọ́rùn-ún sítáǹpù yìí, lọ́wọ́ òǹtàjà kan ní Ìlú Ọba. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó wà lọ́hùn-ún ló bá mi sanwó, ó sì fi rán ẹni tó ń bọ̀ wálé. Wọ́n kọ ọ́ sí i lára pé ìtàn ṣẹ́ẹ̀sì ló wà nínú rẹ̀. Ìtàn wà níbẹ̀ lóòótọ́, àmúlùmálà náà sì wà níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ yin ohun tó yẹ ní yíyìn. Mo rí èyí tí Hungary tẹ̀ ní 1974, ọdún tí FIDE, ẹgbẹ́ ṣẹ́ẹ̀sì àgbáyé, pé àádọ́ta ọdún. Ọ̀kan nínú wọn ni n kò lè gbójú kúrò lára rẹ̀: ẹ̀rọ tí Kempelen, ọmọ Hungary kan, ṣe fún Ọbabìnrin Maria Theresa ní nǹkan bí 1769. Ère ọkùnrin tó wé láwàní ni, ó jókòó ti àpótí ńlá, pátákó ṣẹ́ẹ̀sì wà níwájú rẹ̀. Wọ́n ní ẹ̀rọ ló ń ta á, ó sì ń na àwọn èèyàn ńláńlá. Napoleon pàápàá ta á pẹ̀lú rẹ̀, ó fìdí rẹmi. Bẹ́ẹ̀, èèyàn ẹlẹ́ran ara ló ká jọ sínú àpótí náà, tó ń darí ọwọ́ ère láti inú lọ́hùn-ún. Mo gbé dígí tó ń sọ nǹkan di ńlá lé e, mo fi han àwọn ọmọ tí mo ń kọ́ ní ṣẹ́ẹ̀sì lẹ́yìn ilé ìwé. Ọ̀kan bi mí pé, "Mà, ṣé kì í làágùn ni?" Mo ní àbẹ́là ló fi ń ríran níbẹ̀, kó lọ ro ìyókù fúnra rẹ̀.

Àwọn ti Cuba náà dára, èyí tí wọ́n tẹ̀ ní 1966 nígbà tí Olympiad, ìdíje ṣẹ́ẹ̀sì láàárín àwọn orílẹ̀-èdè, wáyé ní Havana. Capablanca, ọ̀gá ṣẹ́ẹ̀sì ọmọ Cuba, tí wọ́n tẹ àwòrán rẹ̀ ní 1951, láti ṣe ìrántí ọgbọ̀n ọdún tó gba adé àgbáyé lọ́wọ́ Lasker, kò sí níbẹ̀. Ní iye tí mo san, n kò retí rẹ̀. Ti Bulgaria ló dùn mí. Sítáǹpù ṣẹ́ẹ̀sì tó kọ́kọ́ jáde láyé nìyẹn, orí ẹṣin ló wà lára rẹ̀, leva mẹ́sàn-án ní owó wọn, ti ìdíje eré ìdárayá àwọn orílẹ̀-èdè Balkan ọdún 1947. Òǹtàjà yìí fi àwòrán rẹ̀ sójú ìpolówó gbàgàdà, mo tú àpò délẹ̀, n kò rí i.

Ẹ wá gbọ́ èyí tó ṣe pàtàkì. Ẹ fi ẹ̀mú mú sítáǹpù kan, ẹ dà á bolẹ̀. Bí òǹtẹ̀ pósófíìsì bá wà lójú rẹ̀, tí gọ́ọ̀mù sì ṣì ń dán gbinrin lẹ́yìn, kò gbé lẹ́tà kankan rí. Ibi tí wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ ni wọ́n ti lù ú lóǹtẹ̀ kí wọ́n lè tà á fún irú wa. Púpọ̀ nínú àpò yìí ló rí bẹ́ẹ̀, òǹtẹ̀ rẹ̀ ṣe rẹ́gí ní igun kan náà. Bàbá mi ṣòwò ní Tamale kí wọ́n tó lé àwọn èèyàn wa kúrò ní Gánà ní 1969, ara lẹ́tà tó ń kọ sílé ni mo ti kọ́ kíkó sítáǹpù. Òǹtẹ̀ tiwọn máa ń wọ́, á bo ojú àwòrán mọ́lẹ̀ bí ẹni pé inú ń bí akọ̀wé pósófíìsì.

Ìyẹn ṣì sàn. Èyí tó burú ni àwọn pépà fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ aláwọ̀ mèremère, tí ojú àwọn ọ̀gá ṣẹ́ẹ̀sì kún inú wọn, tí orúkọ orílẹ̀-èdè kan sì wà lórí, tí orílẹ̀-èdè náà fúnra rẹ̀ kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. UPU, àjọ ìfìwéránṣẹ́ àgbáyé, máa ń kéde irú wọn. Láti 2002 ni wọ́n ti ní ìwé àkọsílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní WNS, tí sítáǹpù ojúlówó ti àwọn orílẹ̀-èdè tó bá forúkọ sílẹ̀ ń gba nọ́ńbà níbẹ̀. Mo yẹ díẹ̀ wò, mo sì yọ wọ́n sọ́tọ̀.

Wọn ò dì í dáadáa rárá. Inú ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ni wọ́n rọ gbogbo rẹ̀ sí, etí àwọn kan ti ká.

Ẹni tó bá ń kọ́ ọmọdé ní ṣẹ́ẹ̀sì, kó rà á, owó rẹ̀ kò ṣòfò. Ẹni tó bá ń rò pé òun á tà á lérè lọ́la, kó yáa fi owó náà ra gààrí pamọ́. Ní tèmi, márùn-ún tí Yugoslavia tẹ̀ fún Olympiad Dubrovnik ní 1950 ni mo ń wá báyìí. Mo ti fi ránṣẹ́ sí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi. Èsì tó fún mi ni pé, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n gba owó oṣù ná."