Àgbéyẹ̀wò: Àpótí Irinṣẹ́ Nihongami fún Ẹni Tó Fẹ́ Wọ Kimono

Àpótí yìí wà fún ẹni tó fẹ́ fi irun orí ara rẹ̀ ṣe nihongami, irun àtijọ́ àwọn obìnrin ilẹ̀ Japan, láì lọ sọ́dọ̀ onídìrí. Ìda irun kan ló wà nínú rẹ̀, bintsuke lorúkọ rẹ̀. Ìdì okùn oníwèé kan tún wà, tí wọ́n ń pè ní motoyui, pẹ̀lú òòyà igi mẹ́ta, atáṣímẹ́ǹtì méjì, ìtìmú tí wọ́n ń kì sínú irun, aṣọ pupa kékeré kan, pínnì irun oríṣi méjì àti ọ̀ṣọ́ kan tí wọ́n ń fi sórí. Kí n má fi yín falẹ̀: nítorí ìda àti okùn ló ṣe yẹ kí ẹ rà á. Òòyà méjì nínú mẹ́ta dára. Ìtìmú yẹn, ẹ kó o dànù.

Yuiwata ni irun tí ìwé ìtọ́ni rẹ̀ ń kọ́ni. Ara ẹbí irun tí wọ́n ń pè ní shimada ni, àwọn omidan ló máa ń ṣe é láyé Edo, ìyẹn láàárín 1603 sí 1868. Ó bá furisode mu dáadáa, kimono alápá gígùn tí àwọn ọmọge ń wọ̀. Ẹni tó bá ń wá irun ìyàwó, bunkin takashimada, kó má wulẹ̀ dán an wò pẹ̀lú àpótí yìí. Wíìgì ni ọ̀pọ̀ ìyàwó ń dé sí ti ìyẹn báyìí, wọn ò sì jẹ̀bi.

Ọ̀nà márùn-ún ni wọ́n ń pín irun sí. Maegami ni ti iwájú orí. Bin ni ti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, lókè etí. Tabo ni ti ìpàkọ́. Ìkarùn-ún ni ti àárín àtàrí, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń di ìdí tí wọ́n ń pè ní ne. Orí ne yìí ni mẹ́rin yòókù ń padà wá so mọ́, òun náà ló sì ń gbé mage, ìdì òkè tí gbogbo ojú ń wò. Bí ne bá yẹ̀, kò sí pínnì tó lè tún un ṣe.

Ìwé ìtọ́ni fo iṣẹ́ àkọ́kọ́ dá, àṣìṣe ńlá sì ni. Kí ìda tó kan irun, ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣe kusenaoshi: ẹ ri táwẹ́ẹ̀lì bọ omi gbígbóná, ẹ fún un dáadáa, ẹ fi tẹ ìdí irun mọ́lẹ̀, kí ẹ sì máa fi òòyà fà á lọ síbi tí ẹ fẹ́ kó kọjú sí. Irun tí wọ́n ti ń yà lápá òsì láti ọjọ́ pípẹ́ máa ń fẹ́ padà sí òsì, ìda ò sì ní agbára láti dá a dúró. Lẹ́yìn èyí, ẹ jẹ́ kó gbẹ pátápátá, torí ìda kì í mú irun tútù. Irun tiwa tó ká kò ní gbọ́ ti táwẹ́ẹ̀lì nìkan. Àfi kí ẹ fi ẹ̀rọ gbígbóná nà án tàbí kó ti jẹ́ onírílásà. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, hankatsura ló máa rọrùn jù, wíìgì tí wọ́n ń fi irun iwájú orí ẹni gan-an bo etí rẹ̀.

Ní ti gígùn, irun tó bá ti kọjá palaba èjìká kò nílò ju atáṣímẹ́ǹtì kan lọ. Irun tó mọ sí èjìká máa lo méjèèjì. Èyí tí kò tó èjìká, bin rẹ̀ kò ní dé ne, owó ẹ ti ṣòfò nìyẹn.

Bintsuke inú àpótí yìí ló wú mi lórí jù. Òróró ewéko àti mokurō ni wọ́n fi ń ṣe é, mokurō sì ni ìda tí wọ́n ń fún láti ara èso igi haze. Irú ìda yìí náà ni wọ́n fi ń di irun àwọn oníjàkadì sumo, òórùn dídùn rẹ̀ sì ni èèyàn kọ́kọ́ ń gbọ́ tí wọ́n bá ń kọjá. Ó le bí ẹ bá mú un jáde. Ẹ fi èékánná họ ìwọ̀n hóró ẹ̀pà kan, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́ àtẹ́lẹwọ́, kí ẹ sì fi ọwọ́ méjèèjì rà á títí yóò fi yọ́ tí ọwọ́ á máa dán. Bí ẹ bá rí ẹyọ funfun lára ọwọ́, kò tíì yọ́ tán. Bí ó bá dé orí irun báyẹn, á lẹ̀ mọ́ ọn ní ẹyọ funfun, òòyà ò sì ní kó o kúrò. Nígbà òtútù, ẹ gbé igi ìda náà sítòsí ẹ̀rọ tí ń gbẹ irun fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kó tó rọ̀.

Hóró kan ló tó fún bin kan. Ìdajì rẹ̀ ló tó fún maegami. Tabo lè gba kan ààbọ̀, torí pé òun ló ń rọ̀ sílẹ̀ jù. Bí ìda bá pọ̀, irun á ya sí fọ́nrán fọ́nrán, awọ orí á sì máa hàn láàárín wọn. Bí kò bá tó, irun kéékèèké á dìde sókè kí ẹ tó wọ kimono tán. Inú irun ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ kí ẹ tó pa ojú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń kun òde nìkan, ojú rẹ̀ á máa dán, inú rẹ̀ á sì gbẹ, bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ pẹ́nrẹ́n, ó ṣí.

Motoyui náà kò ní àbùkù. Bébà washi, bébà ìbílẹ̀ ilẹ̀ Japan, ni wọ́n lọ́ títí ó fi di okùn tín-ín-rín. Ìlú Iida ní agbègbè Nagano ló lókìkí jù nídìí iṣẹ́ yìí. Kì í nà, kì í sì í yọ̀. Ìdí tí rọ́bà ò fi lè rọ́pò rẹ̀ nìyẹn: rọ́bà á nà díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ ìwúwo mage, tó bá fi di ọ̀sán, irun ti fì sẹ́yìn. Bí wọ́n ṣe ń dì í ni pé kí ẹ fi ọwọ́ òsì di ìdí irun mú gírígírí, kí ẹ fi eyín di etí okùn kan, kí ẹ fi ọwọ́ ọ̀tún wé e yí ká ìgbà márùn-ún sí mẹ́fà lójú ibì kan náà, kí ẹ wá fa etí méjèèjì ní ìdojúkọ ara wọn kí ẹ tó ta á ní kókó. Ìgbà tí ẹ ń fà á ni kí ẹ tẹ́tí: okùn á dún wín-ín-wín lára irun, ẹ ó sì rí i pé ó wọra. Kókó méjì ló tó. Ẹ fi àlùmọ́gàjí gé àjẹkù rẹ̀ sún mọ́ kókó.

Bí ne bá ṣe ga sí ló ń sọ ọjọ́ orí. Tó bá ga, ti ọmọge ni. Tó bá lọ sílẹ̀ sápá ìpàkọ́, ó ti ń di ti àgbà. Fún yuiwata, òkè àtàrí gan-an, sẹ́yìn díẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ le, ṣùgbọ́n bí ojú bá fà sókè tàbí tí orí bá ń fọ́ kí ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó pé, ẹ tú u. Àwọn maiko ìlú Kyoto, ìyẹn àwọn ọmọge tó ń kọ́ṣẹ́ geisha, iṣẹ́ ijó àti orin, tí wọ́n ń gbé irú irun yìí fún bí ọ̀sẹ̀ kan kí wọ́n tó tún un ṣe, tí wọ́n sì ń sùn lé ìrọ̀rí gíga kó má bàa bàjẹ́, àwọn míì nínú wọn ti pá lójú àtàrí nítorí fífà yìí. Ẹ̀yin ò nídìí láti gbé e sùn.

Èmi máa ń fi tabo bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà bin méjèèjì, kí n tó dé maegami. Tabo ló le jù fún ẹni tó ń ṣe irun ara rẹ̀. Ẹ nílò dígí méjì, tàbí kí ẹ bẹ ẹlòmíì. Ẹ ya á sọ́tọ̀, ẹ kùn ún, ẹ fà á sókè dé ne, ẹ dì í, kí ẹ wá fi ìrù òòyà gbé inú rẹ̀ sẹ́yìn títí yóò fi tẹ̀ jáde lókè ọrùn. Kò gbọ́dọ̀ kan kọ́là. Kọ́là kimono fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ jìnnà sí ọrùn lẹ́yìn tó ìkúùkù ọwọ́ kan, torí ìda tó bá kan aṣọ ṣẹ́dà, àbàwọ́n rẹ̀ kì í fẹ́ lọ. Ẹ fi aṣọ ìnujú tẹ́ ibẹ̀ títí ẹ ó fi jáde nílé.

Bin ni ìtìmú ti ń da iṣẹ́ rú. Náílọ́nù ni èyí tó wà nínú àpótí, ó ń yọ̀, ó ń dán, òòyà sì ń jẹ́ kó fa irun mọ́ra bí iná mànàmáná. Bí irun orí yín bá fúyẹ́, ẹ ó máa rí i láti òde. Ìdí tí bin fi ń wó sílẹ̀ lẹ́yìn wákàtí kan kò ju pé ìtìmú náà dá wà nínú irun, kò so mọ́ nǹkan kan. Ẹ ra sukige gidi, ìtìmú tí wọ́n fi irun ṣe, lọ́tọ̀, ẹ fi àwọ̀n irun bò ó, ẹ fi ìda díẹ̀ pa á lára, kí ẹ sì fi pínnì so etí rẹ̀ mọ́ ne kí irun òde tó bò ó. Kò yẹ kí ẹni tó san iye tí wọ́n ń ta àpótí yìí tún máa ra èyí.

Òòyà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jẹ́ igi tsuge. Èyí tí eyín rẹ̀ fẹ̀ àti èyí tí wọ́n fi ń pa ojú bin dán, eyín wọn jọ̀lọ̀ dáadáa. Sukigushi, èyí tí eyín rẹ̀ há jù, ẹ̀rọ ló gé e, wọn ò sì yún un. Ẹ fà á kọjá lórí ìbọ̀sẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ àtijọ́ kan. Bó bá ti lè fa òwú yọ níbẹ̀, á já irun. Bébà ìyúngi tó kúnná jù lè tún un ṣe. Ẹ má fi omi fọ òòyà tsuge láéláé, igi á lọ́. Òróró tsubaki, tí wọ́n ń fún láti ara hóró igi camellia, ni kí ẹ fi kùn ún, kí ẹ jẹ́ kó mu ún mọ́jú, kí ẹ nù ún.

Fún mage, ẹ so atáṣímẹ́ǹtì mọ́ inú ne, kì í ṣe orí rẹ̀. Bó bá wà lókè okùn, mage á máa yí síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ẹ kun ìrù irun náà títí yóò fi tẹ́ pẹrẹsẹ, ẹ ṣẹ́ ẹ po sórí ara rẹ̀ kó ní ìtẹ̀ síwájú àti ìtẹ̀ sẹ́yìn, ẹ fi motoyui dì í láàárín kí àárín náà tẹ̀ wọlé, kí ẹ wá ya ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì. Tegara, aṣọ pupa yẹn, ló máa bo okùn. Ti inú àpótí yìí jẹ́ ṣẹ́dà kanoko, tí wọ́n fi òwú di kókó rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó pa á láró, bí a ṣe ń di àdìrẹ oníko. Ó dára gan-an, àwọn kókó rẹ̀ ò sì jẹ́ kó yọ̀ kúrò lójú ibi tí ẹ so ó sí. Ọ̀ṣọ́ ìkẹyìn jẹ́ ike lásán.

Irun ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣe, kimono tẹ̀ lé e, kí ẹ sì wọ aṣọ tó ń ṣí níwájú nígbà tí ẹ bá ń ṣe irun lọ́wọ́. Ẹ fi wákàtí méjì sílẹ̀, ó kéré tán.

Ọṣẹ irun lásán kò lè fọ bintsuke. Ẹ gé okùn, ẹ má tú u. Ẹ fi òróró tsubaki, tàbí òróró ìdáná bí kò bá sí, ra irun gbígbẹ títí ìda á fi rọ̀. Ẹ fi òòyà ike kó o kúrò. Ẹ da ọṣẹ sórí irun náà láì tíì fi omi kàn án, ẹ ra á, kí omi gbígbóná tó wá tẹ̀ lé e. Ẹ tún un ṣe lẹ́ẹ̀kejì. Bí omi bá kọ́kọ́ kan ìda, ńṣe ló máa dì, ẹ ó sì máa fọ̀ ọ́ títí di ọjọ́ kejì. Motoyui tó kù, ẹ fi sínú ọ̀rá tí afẹ́fẹ́ ò wọ̀, torí bébà tó bá ti mu ọ̀rinrin, á já nígbà tí ẹ bá fà á.