Pákó gidi, laminate tàbí vinyl: èwo ló yẹ ilẹ̀ ilé ìṣerunlóge?

Ẹni tí ó bá fẹ́ kí ilẹ̀ ilé ìṣerunlóge òun rí bíi pákó, ohun mẹ́ta ni yóò bá pàdé lọ́jà: pákó gidi tí wọ́n là láti ara igi, laminate tí wọ́n fi igi tí wọ́n lọ̀ kúnná tẹ̀ pọ̀ tí wọ́n sì lẹ àwòrán pákó mọ́ lójú, àti vinyl tí wọ́n ya àwòrán pákó sí lára ṣùgbọ́n tí ó jẹ́ ike. Mo ti lo laminate ní ṣọ́ọ̀bù tí mo kọ́kọ́ yá ní Ìbàdàn, orí pákó apá ni mo sì ti ń ṣiṣẹ́ báyìí. Vinyl ni ó wà ní ṣọ́ọ̀bù ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ kọ́ṣẹ́, mo sì máa ń lọ ràn án lọ́wọ́ níbẹ̀ nígbà tí ọdún bá kù sí dẹ̀dẹ̀ tí èrò bá pọ̀ ju ọwọ́ lọ. Èmi kò ní sọ̀rọ̀ lórí àwọ̀ àti ẹwà, nítorí pé ojú oníkálukú ni yóò yan èyí fún un, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ó sì máa ń dùn ún wò lọ́jọ́ tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ́ wọn. Ohun tí ó yẹ kí olùrà kọ́kọ́ bèèrè ni ohun tí omi yóò ṣe fún un, àti ohun tí ó ṣeé ṣe sí i lẹ́yìn tí omi bá ti ṣe tirẹ̀ tán.

Ibi tí omi ti ń wá ní ilé ìṣerunlóge pọ̀ ju ìdí básíìnì tí a ti ń fọ irun lọ. Omi ń kán láti orí oníbàárà bí ó ti ń dìde lọ jókòó sórí àga, ó ń kán lára táwẹ́ẹ̀lì, ó sì ń ṣàn lára agboòrùn tí wọ́n bá gbé sẹ́bàá ilẹ̀kùn nígbà òjò. Èyí tí àwọn tí ń ta ilẹ̀ kì í rántí rárá ni omi híhó. Bí a bá fi attachment dirun tán, a ó ki ìsàlẹ̀ irun náà bọ inú omi híhó kí ó má baà tú. Ọmọ iṣẹ́ ni yóò gbé abọ́ omi náà láti ìdí kẹ́tùrù wá sí ẹ̀yìn àga, ojú ọ̀nà kan náà ni yóò sì máa gbà lójoojúmọ́, tí omi yóò máa ta sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Nínú ṣọ́ọ̀bù mi onílaminate, ojú ọ̀nà yìí gan-an ni ó kọ́kọ́ wú, kí ìdí básíìnì tí gbogbo wa ń ṣọ́ tó ṣe ohunkóhun.

Àtẹ́lẹsẹ̀ ni ó kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n kí ojú tó rí i. Etí pákó méjèèjì níbi tí wọ́n ti pàdé gbé sókè bí ètè tí oyin ta, bàtà àwọn oníbàárà sì bẹ̀rẹ̀ sí í ha etí tó gbé sókè náà, títí tí ìwé aláwòrán orí rẹ̀ fi bó tí inú rẹ̀ aláwọ̀ ilẹ̀ sì yọ síta. Nígbà tí mo fi èékánná tẹ ibẹ̀, ó wọlé bí ẹni tẹ páálí tó rin. Ẹni tí ó tà á fún mi ti tẹnu mọ́ ọn pé AC5 ni, pé kò sí ohun tí ó lè ṣe é. Kí gbogbo olùrà gbọ́ èyí dáadáa: AC tí wọ́n ń kọ sára páálí laminate, ìwọ̀n bí ojú rẹ̀ ṣe lè gba ìtẹ̀mọ́lẹ̀ àti yíyún pẹ́ tó ni. AC4 àti AC5 dára fún ṣọ́ọ̀bù tí èrò ń wọ̀ ní ti bàtà, ṣùgbọ́n kò sọ ohunkóhun nípa omi tó bá gba oríkèé wọlé. Àwọn tuntun tí wọ́n ń kọ ọ́ sí lára pé wọn kò bẹ̀rù omi fún wákàtí 24 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, omi tí wọ́n dà sójú rẹ̀ ni wọ́n fi dán an wò. Etí tí káfíńtà fi ayùn gé lẹ́bàá ògiri àti lẹ́nu ọ̀nà kò ní ààbò kankan, àfi bí ẹni tó tẹ́ ẹ bá fi silicone dí i.

Igi tí wọ́n lọ̀ tí wọ́n sì fi agbára tẹ̀ pọ̀, bí omi bá ti lè tú ìtẹ̀pọ̀ náà, kì í padà sí bí ó ti wà, bí ẹ tilẹ̀ tan fáànù sí i títí ilẹ̀ fi mọ́. A kò lè fá a, nítorí pé àwòrán ni ó wà lójú rẹ̀. A kò lè yọ ẹyọ kan ṣoṣo láàárín yàrá wọ́ọ́rọ́wọ́, nítorí pé ńṣe ni wọ́n kọ́ ara wọn lọ́rùn láti ògiri dé ògiri. Nígbà tí mo sì padà lọ sọ́jà láti ra páálí méjì tí yóò bá tèmi mu, wọn kò kó irú àwọ̀ náà wọlé mọ́. Odindi yàrá ni a tú, owó tí mo rò pé mo ti fi ẹ̀dínwó laminate fi pamọ́ sì bá iṣẹ́ náà lọ pátá.

Vinyl kò ní wàhálà wíwú yìí. Èyí tó le, tí wọ́n ń pè ní SPC, lẹ́búlẹ́bú òkúta ẹfun àti ike PVC ni wọ́n pò pọ̀ ṣe inú rẹ̀, kò sì sí igi nínú rẹ̀ tí yóò mu omi. Bí ẹ bá gbé ègé rẹ̀ sínú korobá omi mọ́jú, ìwọ̀n tí ẹ bá a lánàá ni ẹ ó bá a lónìí. Síbẹ̀, pé vinyl kò wú kò ní kí omi má gba abẹ́ rẹ̀ lọ. Omi tó bá gba ẹ̀gbẹ́ ògiri wọlé yóò wà láàárín òun àti sìmẹ́ńtì, níbi tí atẹ́gùn kò dé, òórùn ni yóò sì fi ara rẹ̀ hàn. Ní ṣọ́ọ̀bù ọ̀rẹ́ mi, òórùn ilẹ̀ tútù náà ni àwọn oníbàárà kọ́kọ́ ń ráhùn sí. Nígbà tí a ṣí ẹ̀gbẹ́ básíìnì, èéhù dúdú ti bo sìmẹ́ńtì, ṣùgbọ́n vinyl náà kò ní àléébù kankan, a fọ̀ ọ́, a sì dá a padà. Laminate kò lè fara da irú rẹ̀.

Pákó apá ń mu omi, kí ẹnikẹ́ni má ṣe tàn yín pé kò mu ún. Igi ni, yóò wú díẹ̀ nígbà òjò, yóò sì sún kì díẹ̀ nígbà ọyẹ́. Ṣùgbọ́n apá wà lára àwọn igi tí ìsúnkì wọn kéré jù, ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń ṣe ilẹ̀ onípákó ní ilẹ̀ Yúróòpù fi ń rà á láti ọjọ́ pípẹ́, tí wọ́n ń pè é ní doussié. Bí omi bá wà lórí rẹ̀ tí ẹ sì nù ún, kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Bí àmì bá wà, a ó fi sáńpépà fá ojú rẹ̀, a ó sì tún fánìṣì lé e. Pákó tó nípọn tó mìlímítà 20 á gba irú fífá bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mélòó kan kí ó tó di pé ó tán. Ọmọ iṣẹ́ mi kan gbàgbé píìnì irun onírin sábẹ́ táwẹ́ẹ̀lì tútù mọ́jú, ó sì fi àmì dúdú tó rí bí píìnì náà gẹ́lẹ́ sílẹ̀. Ìwọ̀nba ibẹ̀ nìkan ni káfíńtà fá, ó kun ún, ẹni tí kò bá mọ̀ kò lè tọ́ka síbi tó wà mọ́. Ohun kan tí ẹ gbọ́dọ̀ kíyè sí ni pé apá tí wọn kò tíì kùn máa ń tu àwọ̀ yẹ́lò jáde bí omi bá kàn án, àwọ̀ náà sì máa ń mọ́ aṣọ lára, nítorí náà kí fánìṣì gbẹ dáadáa kí táwẹ́ẹ̀lì funfun tó dé ilẹ̀ yẹn.

Ibi tí apá ti lè já ènìyàn kulẹ̀ ni ọjà. Bí ẹ bá lọ sí ọjà pákó Bódìjà ní Ìbàdàn, ẹ ó bá pákó tútù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ là, bí ẹ bá sì tẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀, ọyẹ́ àkọ́kọ́ ni yóò ya àlàfo sáàárín rẹ̀ tí attachment yóò máa há sí. Ẹ wá ẹni tó ní ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi ń wọn omi inú pákó. Fún yàrá tó ní ẹ̀rọ amúlétutù, nǹkan bí ìdá 12 nínú ọgọ́rùn-ún ni ó yẹ kí ó wà. Ẹ yẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wò pẹ̀lú: inú igi apá pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ikán kì í sì fẹ́ bá a jà, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tó funfun ni kòkòrò ń jẹ, àwọn kan sì máa ń fi àwọ̀ kùn ún kí ẹ má baà mọ̀. Igi náà ti ń wọ́n. Láti ìgbà ìpàdé CITES, àdéhùn àgbáyé tó ń ṣọ́ òwò ẹranko àti igi tó lè run, tó wáyé ní Panama ní 2022 ni wọ́n ti fi apá ilẹ̀ Áfíríkà sínú àwọn igi tí a kò gbọ́dọ̀ kó kọjá ẹnubodè láìsí ìwé àṣẹ. Èyí ni mo ṣe fẹ́ràn pákó apá tí wọ́n tú lára ilé àtijọ́ ju tuntun lọ: ó ti gbẹ tán, kò sì sí igi tí a tún gé nítorí rẹ̀.

Ní ti kẹ́míkà, kí n má purọ́, laminate ni ó gbégbá orókè. Acetone tí a fi ń pa ọ̀dà èékánná rẹ́ kì í ṣe ojú rẹ̀ ní nǹkan kan bí a bá tètè nù ún, dáì dúdú náà a sì máa ṣí kúrò. Acetone máa ń rọ ojú vinyl, tí yóò fi dúró ní àbààwọ́n tí kò ní dídán mọ́. Dáì máa ń wọ inú rẹ̀ lọ, rọ́bà dúdú abẹ́ máàtì àti ti táyà kẹ̀kẹ́ dráyà sì máa ń sọ ọ́ di yẹ́lò, èyí tí kò sí ọṣẹ tó lè fọ̀ ọ́. Àwọn tó ṣì ń fi iná jó ìsàlẹ̀ attachment kò gbọ́dọ̀ ṣe é lórí vinyl rárá. Acetone lè ba fánìṣì orí apá jẹ́ bákan náà, àmọ́ fánìṣì ni ó bà jẹ́, kì í ṣe pákó.

Ní ti yíyọ̀, òróró tí a ń fọ́n sírun máa ń sọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di ibi eléwu, kí ẹ yan èyí tí ojú rẹ̀ kò dán jù. Laminate ni ariwo bàtà rẹ̀ pọ̀ jù. Vinyl ni ó rọrùn jù láti gbá. Fún ṣọ́ọ̀bù, kí awọ ààbò orí vinyl má dín ní ìdajì mìlímítà. Laminate ni ó dín owó jù lọ́wọ́ ìbẹ̀rẹ̀, apá ni ó wọ́n jù.

Kí n má baà ṣègbè, ipò oníkálukú ni kí ó wò. Ẹni tó yá ṣọ́ọ̀bù tí onílé sì lè lé jáde lọ́dún tó ń bọ̀, vinyl tí wọ́n ń kọ́ lọ́rùn ni kí ó rà, nítorí pé yóò tú u, yóò sì kó o lọ. Ẹni tó bá jẹ́ pé èékánná àti ojú nìkan ni ó ń ṣe, tí omi kò sì pọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀, laminate AC5 lè pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí ilé jẹ́ tirẹ̀, tàbí tó ní ìwé àdéhùn ọdún gígùn lọ́wọ́, tó sì ń fọ irun láti àárọ̀ di alẹ́, apá ni kí ó fi owó rẹ̀ rà, kódà bí ó bá ní láti fi oṣù díẹ̀ ṣiṣẹ́ lórí sìmẹ́ńtì lásán títí owó náà yóò fi pé.

Èyí ó wù kí ẹ mú, táìsì ni kí ó wà lábẹ́ básíìnì àti ní gbogbo àyíká rẹ̀ tó bí ìgbésẹ̀ méjì. Ẹ má sì jẹ́ kí púlọ́ḿbà ti bóòlù àga ìfọrun gba inú laminate tàbí vinyl tí wọ́n kọ́ lọ́rùn kọjá, torí pé ilẹ̀ irú wọn gbọ́dọ̀ lè sún, ibi tí wọ́n bá kàn mọ́lẹ̀ ni oríkèé rẹ̀ yóò ti ṣí. Kí wọ́n tó tẹ́ ohunkóhun, ẹ fi téèpù lẹ ọ̀rá tó mọ́ gaara, tó tó ẹsẹ̀ bàtà kan àtààbọ̀ ní òró àti ní ìbú, mọ́ ojú sìmẹ́ńtì, kí ẹ sì fi sílẹ̀ fún wákàtí 16 ó kéré tán. Bí ìrì bá sẹ̀ sábẹ́ ọ̀rá náà, tàbí tí ojú sìmẹ́ńtì dúdú níbẹ̀, ẹ ní kí àwọn òṣìṣẹ́ padà sílé, kí ilẹ̀ gbẹ ná.