Ọ̀gá tó bá wa tún eyín flywheel Massey Ferguson ṣe n'Ísẹ́yìn

Tírákítọ̀ Massey Ferguson 165 ni tiwa, tòkunbọ̀ ni bàbá mi rà á, Perkins onípísítìnì mẹ́rin. Ó ti lé lọ́dún kan tí kíkì ẹ̀, mọ́tò kékeré tó ń jí ẹ́ńjìnnì, ti ń dá wa lágara, tẹ́ ẹ bá yí kọ́kọ́rọ́ á kàn máa ké gììììrì, ẹ́ńjìnnì ò ní yí, ló bá di pé orí òkè ni bàbá mi máa ń páàkì sí kí wọ́n lè yí i wálẹ̀ láàárọ̀. Eyín flywheel, irin rìbìtì ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì tí kíkì máa ń gbá yí, ló ti jẹ. Wẹ́dà kan ti bá wa jó irin lé e lórí, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré, gbogbo ẹ̀ ti wó dànù.

Ọ̀gá yìí já tírákítọ̀ sí méjì, ẹ́ńjìnnì lọ́tọ̀ jíà lọ́tọ̀, wọ́n wá pè mí kí n wá wò ó. Ojú méjì péré ló jẹ, wọ́n dojú kọra wọn, eyín tó kù ṣì mú ṣáṣá. Wọ́n ní torí kọmpúrẹ́ṣọ̀n, ìyẹn afẹ́fẹ́ tí písítìnì ń fún pọ̀, ibi méjì yẹn náà ni onípísítìnì mẹ́rin máa ń kú sí, ibẹ̀ náà ni kíkì á sì máa gbá lójoojúmọ́. Wọn ò ní kí n ra tuntun o! Wọ́n fi gáàsì yá òrùka eyín tó yí flywheel ká, wọ́n gbá a bọ́, wọ́n yí i ní ìdá kan nínú mẹ́rin, wọ́n tún yá a kó tó wọlé padà. Ibi tí mo ti gba tiwọn nìyí: ọmọṣẹ́ fẹ́ yá a títí á fi pọ́n bí iná, ni wọ́n bá jágbe mọ́ ọn, pé tó bá ti pọ́n bẹ́ẹ̀ eyín ẹ̀ á rọ̀, tó bá ti pọ́n rẹ́súrẹ́sú bíi koríko gbígbẹ kó gbéná kúrò. Ó jókòó wọ̀ọ̀, bó ṣe ń tutù ló ń fún mọ́ra.

Ohun tó bí mi nínú ni pé ọjọ́ méjì ni wọ́n dá, ọjọ́ mẹ́fà la lò, òjò ti ń rọ̀ nígbà yẹn o. Ìgbà tí wọ́n fẹ́ dè é padà ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ní eyín kíkì fúnra ẹ̀ ti jẹ, mo bá sáré lọ Ìbàdàn. ₦70,000 ni iṣẹ́ ọwọ́, oil seal ẹ̀yìn (rọ́bà tí kì í jẹ́ kí ọ́ìlì jò) àti plate kílọ́ọ̀ṣì lọ́tọ̀, ẹ má ṣahun síyẹn torí ta ló tún fẹ́ já a sí méjì lẹ́ẹ̀kejì.

Ìràwọ̀ 4 nínú 5. Kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ẹ̀kan báyìí ó ti jí, àmọ́ orí òkè yẹn náà ni bàbá mi ṣì ń páàkì sí.