Ẹ má ra síléètì abẹ́ omi lọ́wọ́ ọkùnrin Kútọnu yẹn

Ẹ̀yin ará Àjàṣẹ́, àti ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ omi ní Kútọnu, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí kí ẹ tó fi owó ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Wọ́n ti lù mí ní jìbìtì. 45,000 fráǹkì ló gbà lọ́wọ́ mi. Ojú ń tì mí bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, nítorí ọdún kẹsàn-án mi rèé tí mo ti ń gbé ìgò afẹ́fẹ́ wọ omi. Kì í ṣe ọmọdé ló lù.

Fún ẹni tí kò mọ iṣẹ́ wa: a máa ń fọ ìdí ọkọ̀ ojú omi, a sì máa ń tú àwọ̀n tó bá wé mọ́ irin tó ń yí lẹ́yìn rẹ̀. Ohun tí a fi ń mí wà lẹ́nu, ọ̀rọ̀ ò ṣeé sọ. Ọwọ́ la fi ń sọ̀rọ̀. Ọwọ́ lè sọ pé ó dáa, pé dúró, pé ká máa lọ sókè, pé afẹ́fẹ́ ti ń tán. Tí o bá fẹ́ sọ pé "ọ̀bẹ kejì ti kán, lọ mú ayùn kékeré wá", àfi kí o kọ ọ́. Síléètì, ìyẹn pátákó kékeré tí a fi ń kọ̀wé lábẹ́ omi, la fi ń ṣe é. Tiwa àtijọ́ ti kán sí méjì, ìyẹn ni mo fi ń wá òmíràn.

Orí Facebook ni mo ti rí i. Síléètì mẹ́ta, ìwé kan tí omi kì í wọ̀, "bírò abẹ́ omi" mẹ́ta. Ọkùnrin tó ń tà wọ́n sọ pé ilẹ̀ Faransé ni wọ́n ti wá. Ohùn rẹ̀ tutù bí omi àmù. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fọkàn balẹ̀." Èmi ni ẹ̀gbọ́n olè! Ó ní àwọn oníbàárà ti rẹ́ òun jẹ rí, nítorí náà kí n kọ́kọ́ sanwó. Òun ni wọ́n rẹ́ jẹ o, ẹ gbọ́! Ìyàwó mi ní kí n jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́. Mi ò jẹ́ kó mọ́, mo fi MoMo ránṣẹ́ lóru.

Lọ́jọ́ kejì, awakọ̀ kan gbé e wá sí Ouando. Mo gun zémì, ọ̀kadà wa, lọ gbà á, mo tún fún awakọ̀ ní 1,000. Síléètì náà funfun, ó ń dán gbinrin. Dídán yẹn gan-an ló yẹ kí n fi fura, nítorí síléètì abẹ́ omi kì í dán. Ojú rẹ̀ a máa ha ọwọ́ díẹ̀, kí dúdú pẹ́ńsùlù lè rí ibi dì mú. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n! Mo ṣáà ń sọ fún ara mi pé bóyá àwọn Faransé ti yí i padà ni. Ìyàwó mi wò ó lẹ́ẹ̀kan péré, ó ní, "Bàbá Ìbejì, ṣé kì í ṣe pláfọ́ọ̀ òkè àjà pálọ̀ wa nìyí?" Mo jágbe mọ́ ọn.

Mo fi bírò náà kọ "Àjàṣẹ́" sórí rẹ̀. Ó yọ dúdú kirikiri. Mo ya fọ́tò, mo fi ránṣẹ́ sí i, mo dúpẹ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ olè.

Sátidé la wọ omi. Kí á tó wọlé, mo ti kọ àwọn ọ̀rọ̀ tí a máa ń nílò jù sórí síléètì, tó fi jẹ́ pé gbígbé ló kù. Ọ̀kan nínú wọn ni "MÁ FÀ Á, ỌWỌ́ MI WÀ NÍNÚ OKÙN". Kò pẹ́, ọwọ́ òsì mi há sáàárín okùn àwọ̀n àti irin ìdí ọkọ̀. Mo gbé síléètì sókè fún àbúrò tí a jọ ń ṣiṣẹ́. Àbúrò wò ó. Funfun báláú! Gbogbo ọ̀rọ̀ náà ti bó kúrò bí awọ orí ẹ̀kọ gbígbóná. Ó rò pé mo ní kò sí ìṣòro, ó sì fa okùn.

Awọ ìka méjì ló bó. Ẹni tó bá fẹ́ bi mí pé kí ló dé tí mi ò na ọwọ́ sí i kó dúró, ọwọ́ kan wà nínú okùn, ọwọ́ kan gbé síléètì. Mélòó ni ẹ fẹ́ kí n ní?

"Bírò abẹ́ omi" yẹn, máákà tí olùkọ́ fi ń kọ pátákó funfun ni, olè náà ti ha orúkọ tó wà lára rẹ̀ kúrò. Wọ́n ṣe yíǹkì rẹ̀ kó rọrùn láti nù, kì í lẹ̀ mọ́ ojú dídán. Omi á yọ́ wọ abẹ́ rẹ̀, á sì gbé e lọ. Ìwé tí omi kì í wọ̀ ńkọ́? Èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan ni. Inú rẹ̀ di ògì lọ́wọ́ mi. Síléètì, pláfọ́ọ̀ ni lóòótọ́. Ohun tó sì ń dùn mí jù ni pé ká ní ó fi sáńpépà ha ojú pláfọ́ọ̀ yẹn, kó fi pẹ́ńsùlù tì í, ìbá ṣiṣẹ́! Èmi fúnra mi ti ṣe é báyìí, 700 fráǹkì péré.

Mo pè é, ó ti dí mi lọ́nà. Mo fi fóònù ìyàwó mi pè é, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, bóyá omi ibẹ̀ ni kò dáa." Omi!

Láti ọjọ́ náà, mi ò gba ẹnikẹ́ni tó ń tajà lórí fóònù gbọ́ mọ́, gbogbo yín pátá. Àǹtí kan ládùúgbò wa fi ańkárá hàn mí lánàá, díẹ̀ ló kù kí n ní kó kọ́kọ́ rẹ ẹ́ sómi.

Ẹni tó bá ṣì fẹ́ ra síléètì abẹ́ omi: kí ẹni tó ń tà á kọ̀wé sí i nínú garawa omi níwájú yín, kí ẹ fi àtàǹpàkò ra á. Ẹ fi èékánná ha ojú rẹ̀. Pẹ́ńsùlù ni kí ẹ lò, kì í ṣe yíǹkì. Èyí tó jẹ́ ti igi á la tó bá pẹ́ nínú omi. Ẹ so ó mọ́ síléètì. Iyanrìn tàbí ọṣẹ ìfọyín lè nu ohun tí ẹ kọ kúrò. Ẹ má kọ́kọ́ sanwó.

Ó ṣì wà níbẹ̀, ó ń tà á. Fọ́tò kan wà lókè pátápátá tó fi ń tan èèyàn: síléètì funfun, ọwọ́ ọkùnrin kan, "Àjàṣẹ́" gàdàgbà. Ó kọ sábẹ́ rẹ̀ pé oníbàárà òun ló fi ránṣẹ́ láti abẹ́ omi. Ọwọ́ mi nìyẹn. Orí tábìlì ìjẹun wa ni mo ti ya á.