Tú-dọ́ọ̀ wo ló lè gbé Èkìtì? Scion tC, Civic Coupe àti Mercedes C lórí títì wa

Òkú àgbà kan ni a fẹ́ lọ sin ní Ìjerò. Gèlè ti wà lórí ìyá ìyàwó mi, léèsì ti wà lára. Mo ṣí ilẹ̀kùn tú-dọ́ọ̀ mi, mo tẹ àga iwájú síwájú, mo ní kí Màmá máa wọlé sẹ́yìn. Wọ́n wo àlàfo náà, wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ṣé ihò òkété lo ní kí n wọ̀ yìí?" Iwájú ni wọ́n padà jókòó sí. Ìyàwó mi ló wọ ihò.

Mo fi èyí ṣáájú kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé mo tan òun. Mo fẹ́ràn ọkọ̀ onílẹ̀kùn méjì, mo sì ti lo méjì ní Adó-Èkìtì láàárín ọdún mẹ́sàn-án. Ó rẹwà, ó fúyẹ́ lọ́wọ́, ibi tí wọn ò ti rí àyè gbé jíìpù sí ní Ọjà Ọba, èmi á rí i. Ṣùgbọ́n ìlú òkè ni ìlú wa, títì wa kò sì dọ́gba. Ẹni tó bá fi ojú nìkan ra tú-dọ́ọ̀ níbí, mẹkáníìkì ni yóò máa bá a jẹ owó oṣù rẹ̀.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo máa ń kọ́kọ́ bi ẹni tó bá wá gbàmọ̀ràn lọ́dọ̀ mi: ọkọ̀ onílẹ̀kùn mẹ́rin wo ni ìbátan ohun tí o fẹ́ rà yìí? Tú-dọ́ọ̀ kò pọ̀ lójú títì. Bí ẹ́ńjìnnì àti jíà rẹ̀ bá jẹ́ ti ọkọ̀ tó kún ìgboro, ọmọ iṣẹ́ mẹkáníìkì ní Bàsírì pàápàá lè fi ojú dídì tú u. Bí kò bá ní ìbátan, gbogbo ohun tó bá bàjẹ́ di ìrìn àjò sí ọjà ẹ̀yà ọkọ̀ ní Ládípọ̀ l'Ékòó.

Àwọn mẹ́ta tí àwọn èèyàn ń bi mí jù nìyí, gbogbo wọn tòkúnbọ̀. Màá sọ̀rọ̀ tiá-rọ́bà tó bá yá, ìyẹn kò ní pẹ́.

Scion tC

Toyota ló ṣe é fún àwọn ọ̀dọ́ Amẹ́ríkà. Àkọ́kọ́ jẹ́ ti ọdún 2005 sí 2010, èkejì jẹ́ ti 2011 sí 2016, ọdún tí Toyota pa orúkọ Scion rẹ́ pátápátá. Àìmọ orúkọ yìí ló ń dẹ́rù ba àwọn èèyàn, ẹ̀rù yẹn ló sì ń jẹ́ kí owó rẹ̀ rọ̀. Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì wò. Ẹ́ńjìnnì lítà 2.4 tó wà nínú àkọ́kọ́, 2AZ, òun náà ló wà nínú Camry tí a ń pè ní Big Daddy. Ti èkejì jẹ́ lítà 2.5, 2AR, èyí tí Camry 2012 ń lò. Ta ni ò mọ Camry ní Adó? Púlọ́ọ̀gì, fíltà, pọ́ǹpù omi, gbogbo rẹ̀ wà nítòsí.

Ohun kejì tí mo fẹ́ràn níbẹ̀ ni ẹ̀yìn rẹ̀. Kì í ṣe bùútù bíi ti Civic. Gíláàsì ẹ̀yìn àti ìdérí jọ ń ṣí sókè ni. Ẹ tẹ àga ẹ̀yìn sílẹ̀, ẹ ó rí àyè bí ẹnu yàrá kékeré. Mo ti fi tèmi kó ogójì iṣu láti Ìkọ̀lé, kò sì sí ẹni tó mọ̀ pé iṣu ni mo rù bí mo ṣe ń kọjá ní Ifàkì. Àga ẹ̀yìn yẹn tún máa ń rọ̀gbọ̀kú, nítorí náà ẹni tó bá ti wọlé tán kì í ráhùn. Wíwọlé ni iṣẹ́.

Ó ní àléébù. Toyota fúnra rẹ̀ gbà pé ẹ́ńjìnnì 2.4 ti ọdún 2007 sí 2009 máa ń mu ọ́ìlì ju bó ṣe yẹ lọ, wọ́n sì ń pààrọ̀ písítìnì àti ríìngì fún àwọn tó ní in ní Amẹ́ríkà nígbà náà. Èyí tó bá dé ọ̀dọ̀ wa lè jẹ́ èyí tí wọ́n ti tún ṣe, ó sì lè jẹ́ èyí tí wọn ò fọwọ́ kàn. Nítorí náà, ti 2005, 2006 tàbí ti 2011 sókè ni mo máa ń ní kí wọ́n wá. Òrùlé gíláàsì ńlá rẹ̀ náà wà ńbẹ̀: ó dára lálẹ́, ṣùgbọ́n eruku ọ̀gbẹlẹ̀ máa ń dí ojú ihò tí omi ń gbà sọ̀kalẹ̀. Òjò àkọ́rọ̀ ni yóò sọ fún yín, lórí àga ni ẹ ó ti rí i.

Honda Civic Coupe

Èyí ló rẹwà jù lójú tèmi, pàápàá ti 2006 sí 2011, pẹ̀lú dáṣíbọ́ọ̀dù alájà méjì tí nọ́ḿbà eré ń tàn lókè. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ti 2012 sí 2015, àti ti 2016 sí 2020, èyí tó gbẹ̀yìn, nítorí Honda ò ṣe Civic onílẹ̀kùn méjì mọ́ lẹ́yìn ìgbà náà.

Ìbátan rẹ̀ ni Civic onílẹ̀kùn mẹ́rin, kò sì ṣòro rí. Lítà 1.8 ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀, owó epo ni yóò sì jẹ́ kí ẹ fẹ́ràn rẹ̀. Ìwọ̀n tí ìjọba Amẹ́ríkà fún un tó bíi kìlómítà 12 lórí lítà kan, bí a bá pa ìgboro àti ọ̀nà jíjìn pọ̀. Ti tC 2.4 tó bíi 10. Láti oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí owó ìrànwọ́ epo ti kúrò, ìyàtọ̀ méjì yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán fún ẹni tó ń ti Adó lọ Àkúrẹ́ lójoojúmọ́.

Àmọ́ ẹ fetí sí èyí dáadáa. Ti 2006 sí 2008, àti díẹ̀ nínú ti ìbẹ̀rẹ̀ 2009, ní àrùn kan: irin ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ máa ń sán, omi radiétọ̀ á máa dínkù. Honda fa ìdánilójú àtúnṣe ọ̀fẹ́ rẹ̀ (wáráǹtì) gùn dé ọdún mẹ́wàá nítorí ẹ̀, ọdún mẹ́wàá ọ̀hún sì ti parí tipẹ́. Bí ẹni tó ń tà á bá ní "omi yẹn ò tó nǹkan, ẹ kàn máa bù ú sí i," ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ máa lọ. Ti 2010 àti 2011 ni kí ẹ wá. Bí owó bá gbé e dé ti 2016 sókè, lítà 2.0 tí kò ní tọ́bò (ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn kún ẹ́ńjìnnì) ni kí ẹ mú, kì í ṣe 1.5 tó ní tọ́bò yẹn. Mẹkáníìkì wa ò tíì mọwọ́ tọ́bò dáadáa.

Ara rẹ̀ ni wàhálà. Ilẹ̀kùn, gíláàsì ẹ̀gbẹ́, bọ́m̀pà ẹ̀yìn, iná ẹ̀yìn: kò sí èyí tó bá ti onílẹ̀kùn mẹ́rin mu. Ọ̀kadà gbá ilẹ̀kùn tèmi ní Ìjìgbò, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi dúró de òmíràn láti Èkó, àwọ̀ pupa ló sì dé nígbà tí ọkọ̀ tèmi jẹ́ aláwọ̀ eérú. (Ti tC náà kò sàn ju èyí lọ ní ti ara, ẹ jẹ́ kí n má purọ́.)

Mercedes C

Méjì ló wọ́pọ̀: C230 Kompressor tí Amẹ́ríkà rà láàárín 2002 sí 2005, àti C250 Coupe ti 2012 sí 2015. Mo mọ ìdí tí ẹ fi fẹ́ ẹ. Bí ẹ bá gbé e dé ibi òde, àwọn alága ìdúró á pe orúkọ yín lẹ́ẹ̀mejì.

Ìbátan rẹ̀ ni C-Class, ó wà ní Adó, ṣùgbọ́n àwọn tó mọ̀ ọ́n tún ṣe kò pọ̀. Láìsí kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń yẹ̀ ẹ́ wò, ìméfò ni iṣẹ́ tó kù. Ẹ́ńjìnnì lítà 1.8 rẹ̀ (ti C230 2002 nìkan ló jẹ́ lítà 2.3) ní ṣéènì inú tó máa ń nà. Àmì rẹ̀ ni ariwo bí ìgbà tí a bá ń mi ṣaworo, nígbà tí ẹ bá kọ́kọ́ tan án láàárọ̀. Bí ṣéènì yẹn bá yẹ̀, ẹ́ńjìnnì ti lọ nìyẹn. Epo olówó gọbọi tó lágbára ju tiwa lọ ni Mercedes ní kí wọ́n máa rọ sí i ní Amẹ́ríkà. Ní iléepo wa, irú epo kan ṣoṣo ni wọ́n ń tà fún gbogbo wa.

Ẹni tó bá ní ọkọ̀ mìíràn nílé tó ń gbé e lọ síbi iṣẹ́, kó rà á, kó gbádùn. Ẹni tó jẹ́ pé òun nìkan ló máa ní, mi ò ní gbà á nímọ̀ràn rẹ̀.

Táyà, nítorí ọ̀nà Ìkẹ́rẹ́

Ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi kí n tó ra tC nìyí. Nọ́ḿbà ara táyà rẹ̀ ni 215/45R17. Ti ọ̀pọ̀ Civic 2006 sí 2011 ni 205/55R16. Nọ́ḿbà tó tẹ̀lé ìlà yẹn ló ń sọ bí ẹ̀gbẹ́ táyà ṣe ga tó: ìdá 45 nínú ọgọ́rùn-ún ti mìlímítà 215 jẹ́ 97, ìdá 55 ti 205 jẹ́ 113. Mìlímítà 16 ni ìyàtọ̀. Ó kéré lójú ìwé, ṣùgbọ́n rọ́bà yẹn ló wà láàárín ríìmù yín àti kòtò. Ríìmù méjì ló tẹ̀ fún mi kí ọdún tó yí po, ọ̀kan nínú wọn láàárín Ìkẹ́rẹ́ àti Adó, ní agogo mẹ́jọ alẹ́, nínú òjò. Ti tC kejì ń lo ríìmù 18, 225/45R18 ni táyà rẹ̀: ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ga díẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ, àmọ́ kò tó ti Civic.

Àtúnṣe rẹ̀ rọrùn, ẹ̀wà rẹ̀ á sì dínkù díẹ̀: ẹ wá ríìmù 16 tó bá ihò bọ́ọ̀tì rẹ̀ mu, kí ẹ fi táyà tó ga lẹ́gbẹ̀ẹ́ sí i. Fọkanáísà yín á mọ̀ ọ́n. Àwọn ọmọ ìgboro á ní ẹ ti ba ọkọ̀ jẹ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ.

Ti Civic kì í tètè tẹ ríìmù, imú rẹ̀ ló máa ń fá gegele. Gbogbo gegele iwájú ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé ìwé ni kí ẹ máa fi ẹ̀gbẹ́ gùn.

Tiá-rọ́bà ńkọ́?

Tú-dọ́ọ̀ kékeré tí owó rẹ̀ rọjú kò sí mọ́ lọ́jà tuntun. Lára ohun tó kù ni Toyota GR86, tí àga ẹ̀yìn rẹ̀ wà fún báàgì ju èèyàn lọ, BMW 2 Series, Mercedes CLE, àti Honda Prelude tó padà dé ní 2025 lẹ́yìn tí wọ́n ti pa á tì láti 2001, tó ń lo epo àti iná mànàmáná pọ̀. Kò sí èyí tí mẹkáníìkì Adó ti tú rí. Ẹni tó bá lówó rẹ̀ kò nílò ìmọ̀ràn mi, àfi kó rántí pé Èkó ni yóò ti máa ṣe sáfíìsì.

Hyundai Veloster tún wà láàárín, tòkúnbọ̀ ni: ilẹ̀kùn kan lọ́wọ́ awakọ̀, méjì lọ́wọ́ kejì. Ọgbọ́n ńlá ni, ìyá ìyàwó mi ì bá gbà á. Jíà aláìfẹsẹ̀tẹ̀ ti 1.6 rẹ̀ ni ẹ̀rù ń bà mí, nítorí kílọ́ọ̀ṣì (clutch) méjì ló wà nínú rẹ̀, kì í sì í fẹ́ kí a máa rá pálá lórí òkè nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ.

Kí ẹ tó sanwó

Ẹ wo nọ́ḿbà ṣásí lábẹ́ gíláàsì iwájú. Mẹ́tàdínlógún ni. Lẹ́tà àkọ́kọ́ sọ ibi tí wọ́n ti kàn án: J ni Japan, W ni Jámánì, K ni Kòríà, 1, 4 tàbí 5 ni Amẹ́ríkà, 2 ni Kánádà. Ìkẹwàá sọ ọdún: 6 ni 2006, 9 ni 2009, A ni 2010, B ni 2011, C ni 2012, bẹ́ẹ̀ ló ń lọ. Ẹnìkan fẹ́ ta Civic "2010" fún ọ̀rẹ́ mi. A ka ìkẹwàá, 7 la bá níbẹ̀. Ọkùnrin náà ní ìwé ló ṣì í kọ.

Ẹ dé ibẹ̀ láàárọ̀ kùtù, kí ẹ́ńjìnnì tútù. Ẹ fọwọ́ kàn án kí wọ́n tó tan án. Bí ó bá ti gbóná, wọ́n ti ń pa nǹkan kan mọ́ fún yín. Ẹ wo èéfín: aláwọ̀ búlúù, ọ́ìlì ló ń jó. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn méjèèjì tán pátápátá, kí ẹ gbé e sókè díẹ̀ lọ́wọ́. Ilẹ̀kùn tú-dọ́ọ̀ gùn, ó wúwo, ìdè rẹ̀ máa ń jẹ. Èyí tó bá ń rọ̀ wálẹ̀ á máa fa omi òjò wọlé. Ẹ tẹ àga iwájú méjèèjì síwájú, kí ẹ rí i pé ó padà sí àyè rẹ̀.

Ẹ gbé e gun òkè. Bí ẹ bá lè gbé e dé ọ̀nà Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, ó dára jù. Bí kò bá ṣeé ṣe, òkè Ayọ̀bá tó. Kí ẹ́sì (ẹ̀rọ amúlétutù) wà ní títàn, kí èèyàn mẹ́rin wà nínú ọkọ̀. Ẹ wo gééjì ooru, kí ẹ sì fetí sí jíà bí ó ṣe ń bọ́ sílẹ̀.

Bí gíláàsì rẹ̀ bá dúdú, ẹ bèèrè ìwé àṣẹ rẹ̀, nítorí òfin ọdún 1991 lórí gíláàsì dúdú ṣì wà, ọ̀dọ́mọkùnrin tó bá sì ń wa tú-dọ́ọ̀, wọ́n á kúkú dá a dúró bi í léèrè ibi tó ti rówó. Ẹ gba ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù, kí ẹ fi nọ́ḿbà ṣásí inú rẹ̀ wé ti ara ọkọ̀ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Kí ẹ sì mọ̀ pé ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ tà á, ó lè pẹ́ kí oníbàárà tó yọjú, nítorí kò ṣeé fi ṣe tákísí. Oṣù márùn-ún ni tC mi lò níwájú ilé pẹ̀lú páálí "Fún Títà" kí olùkọ́ ọ̀dọ́ kan láti Ìwòròkò tó wá gbé e.